Iyọ̀ pupa kọ́ ni mo fẹ́ rà o: bí mo ṣe wá èròjà fún àwọn ọmọ màlúù mi

Owó abẹ́rẹ́ ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ eléyìí. Àwọn ọmọ màlúù tí mo ń kó wá sí Ìsẹ́yìn, ọjà Illela ní Sókótó lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń bọ̀, orí ìdúró ni wọ́n wà nínú tírélà láti Òkè Ọya títí dé ọ̀dọ̀ mi, kò sí omi gidi kò sí koríko, ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já òmíì lẹ́nu ọmú ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀, imú ń ṣàn, etí ti wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ Oxytet tó ń pa kòkòrò àrùn lọ́tùn-ún, Oxytet lósì. Nígbà tí mo fi máa ṣírò ẹ̀, èrè ti lọ, àwọn kan sì tún kú lé e lórí.

Dókítà màlúù wa ló là á yé mi. Ó ní wàhálà ọ̀nà ń tẹ agbára tí ara fi ń bá àrùn jà mọ́lẹ̀, èròjà (mineral) bíi síǹkì sì ń bá ìtọ̀ lọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sì jẹun, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ kì í ju nǹkan bí 1.5% ìwọ̀n ara wọn lọ, èyí tó bá tó 150 kg lè má jẹ ju kílò méjì àti díẹ̀ lọ lóòjọ́. Ìwọ̀nba tó bá jẹ yẹn ni èròjà gbọ́dọ̀ ki nínú ẹ̀. Màlúù tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, síǹkì 30 mg nínú kílò oúnjẹ gbígbẹ kan tó o, ti ẹni tó ti ọ̀nà dé yìí, 75 sí 100. Bàbà (copper), 10 sí 15. Selenium ò ju 0.1 sí 0.2 lọ, ẹ má fi ìyẹn ṣeré, tó bá pọ̀ jù ó ń pa ẹran.

Ìsinmi, ibi gbígbẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni ríra èròjà ọ̀hún. Ẹ dé ọjà, ẹ ní ẹ fẹ́ lick màlúù, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń lá, òkúta pupa kan ni wọ́n máa gbé fún yín, wọ́n á ní bó ṣe pupa tó yẹn ló ṣe lágbára tó. Irọ́ ni jàre! Ìpẹtà irin ni wọ́n fi pa á láró, iyọ̀ ló kù nínú ẹ̀. Mi ò bá iyọ̀ jà, màlúù nílò ẹ̀, kán-ún tí àwọn Fúlàní ń fún màlúù ní gàá náà wúlò, ṣùgbọ́n síǹkì ni mo wá rà, bàbà ni mo wá rà.

Ẹnì kejì ní òun ní ojúlówó, ti òkè òkun. Mo yí àpò yẹn, mo kà á lẹ́yìn, ti àgùntàn ni! Wọn kì í fi bàbà sí ti àgùntàn torí ó máa ń jọ sínú ẹ̀dọ̀ wọn títí á fi pa wọ́n. Ẹlòmíì gbé premix adìyẹ, àpòpọ̀ èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ, lé mi lọ́wọ́, ó ní "Ọ̀gá mi, mineral ni mineral, ṣebí ẹran ni gbogbo wọn." Ṣé adìyẹ tó ń yé ẹyin ni mo kó wá láti Sókótó ni?

Èyí tó wá dùn mí jù ni ẹni tó gba owó mi ṣáájú. Lójoojúmọ́, "ó ti wà lọ́nà," "ó ti dé Ìbàdàn." Ọ̀nà wo? Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni? Nígbà tí àpò máa dé, kò sí lébẹ̀ẹ̀lì, kò sí iye ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀. Mo dá a padà, ó dá owó padà pẹ̀lú ìbínú, ó sì tún yọ owó mọ́tò.

Ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran kan ní Ìbàdàn tó ń kọ gbogbo ẹ̀ sára àpò ló gbà mí níkẹyìn, ṣùgbọ́n wọn ò lè po kékeré, ni mo bá kó àwọn tó ń sin màlúù ládùúgbò wa jọ, a dá owó, a pín in. Èmi ni mo ṣe ìyẹn o, ẹ kí mi.

Mo ń pò ó mọ́ oúnjẹ ni, mi ò gbé e kalẹ̀ kí wọ́n máa lá, torí èyí tó ṣàìsàn kì í lá nǹkan kan, alágbára á sì lá tiẹ̀ àti tẹlòmíì. Omi borehole mi náà, ó ń pọ́n, irin inú ẹ̀ ń dènà bàbà, mo ti yí wọn sí omi kànga. Àwọn tó dé lẹ́yìn ìyẹn, ikọ́ wọn dín kù gan-an. N ò ní sọ pé èròjà nìkan ló ṣe é, torí a tún jẹ́ kí wọ́n sinmi dáadáa, àti pé màlúù tí kò ṣaláìní èròjà tẹ́lẹ̀ lè má fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo tún ń bẹ̀rẹ̀, máa bẹ ẹni tó ń ta ọmọ màlúù fún mi kó ti bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní èròjà kí wọ́n tó wọ tírélà, torí ẹ̀dọ̀ lè tọ́jú bàbà pamọ́ de wàhálà.

Èyí tó kù nínú àpò tèmi, mo ti tì í mọ́ yàrá, torí àwọn àgùntàn ìyàwó mi ti ń yọjú síbẹ̀.