Bẹ́líìtì kọ́ńfẹ́yọ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe báyìí mọ́

Ẹ̀yin fítà, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin tí ẹ ní mììlì oúnjẹ adìyẹ, ẹ̀yin tí ẹ wà ní kúwárì, ẹ dákun ẹ gbọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún bẹ́líìtì kọ́ńfẹ́yọ̀, ìyẹn rọ́bà gbọọrọ tó ń yí tó ń gbé ẹrù lọ, ṣe n'Íbàdàn níbí, láti Olúyọ̀lé títí dé ọ̀nà Mọ́níyà, tí wọ́n bá sì pè mí wá wo èyí tó já tàbí tó fàya, ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ló pa á. Àwa tí à ń tún un ṣe la pa á. A fún un jù, a fi gọ́ọ̀mù tí kò yẹ lẹ̀ ẹ́, a da ọ́ìlì lé e lórí, a jẹ́ kí rólà (irin róbótó tó ń gbé e lábẹ́) tó ti kú máa rẹ́ ẹ, tó bá wá já tán a ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa.

Kí n tó sọ ti bẹ́líìtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara yín. Ẹ má ki ọwọ́ bọ kọ́ńfẹ́yọ̀ torí pé iná lọ. Iná tó lọ kì í ṣe iná tí ẹ pa o. Lọ́jọ́ kan a wà ní mììlì kan, iná lọ, ọmọṣẹ́ mi kan rò pé àǹfààní ti dé, ló bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ púlì ẹ̀yìn, ìyẹn irin róbótó ńlá tí bẹ́líìtì ti ń yí padà, pé kóun fa àpò tó há síbẹ̀ yọ. Súwíìṣì ṣì wà lókè bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni ò pa á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ ọn pé kó kúrò níbẹ̀ ni mo gbọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ké "UP NEPA!", bẹ́líìtì ta kìjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọwọ́ ọmọ náà ti jáde, àpò yẹn ló wọlé. Títí dòní tí mo bá rántí ẹ̀, ara mi máa ń gbọ̀n.

Ibi tó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì àti kọ̀ńtáátọ̀ (súwíìṣì oníná tí bọ́tìnnì ń darí) ni wọ́n lò, tí iná bá lọ ó máa já, kò ní dá ṣiṣẹ́ tí iná bá dé àfi tí ẹnì kan bá tún tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mììlì wa, súwíìṣì lásán ni wọ́n fi so mọ́tò mọ́ iná tààrà, iná ń dé ni ẹ̀rọ ń gbéra. Torí náà ẹ pa súwíìṣì, ẹ yọ fíúùsì, ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ máa wọ inú ẹ̀rọ gan-an, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá, kì í ṣe lórí tábìlì. Kẹ́ ẹ sì rántí jẹnẹrétọ̀, torí ẹlòmíì lè lọ tan ìyẹn láìmọ̀ pé èèyàn wà lábẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti tì í tán, ẹ tẹ bọ́tìnnì wò bóyá ó máa gbéra kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: bẹ́líìtì tó ń rin mítà 1.5 ní sẹ́kọ́ńdì kan, láàárín ìdajì sẹ́kọ́ńdì tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé nǹkan ti mú yín, ó ti fà yín wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 75. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo apá àgbàlagbà láti èjìká dé orí ìka. Kò sẹ́ni tó yára jù ú lọ, ẹ má dán an wò.

Èyí tó bá ń gun òkè bí ti kúwárì, ẹ má yọ mọ́tò tàbí gíábọ́ọ̀sì ẹ̀ nígbà tí òkúta ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹrù yẹn á fà á sáré padà sísàlẹ̀ láìsí iná kankan. Ẹ kó ẹrù kúrò, kẹ́ ẹ sì fi irin di bẹ́líìtì náà mọ́ férémù dáadáa.

Ó yá, ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì tó ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibí yìí lowó ti ń ṣòfò jù lọ. Tó bá ti ń sá sápá kan báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú sípánà, wọ́n á kọrí sí bóòtù púlì ẹ̀yìn, wọ́n á fún tọ̀tún, á sá lọ sósì, wọ́n á fún tòsì, á padà sá wá sọ́tùn-ún, wọ́n á tún fún tọ̀tún, kó tó di ọ̀sán bẹ́líìtì ti le bí awọ gángan, ó sì tún ń sá síbẹ̀. Bóòtù ẹ̀yìn kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́ bẹ́líìtì sọ́nà, ibi tí wọ́n ti ń fún un ni. Ẹ fi téèpù wọn ọ̀tún àtòsì kí wọ́n dọ́gba, kẹ́ ẹ sì fi í lẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára bẹ́líìtì, ẹ jẹ́ kó máa yí. Ṣé ibì kan náà lára bẹ́líìtì ló ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi gbogbo tó bá kọjá? A jẹ́ pé bẹ́líìtì fúnra ẹ̀ ló wọ́, tàbí wọ́n so ojú ẹ̀ ní wíwọ́, kò sí rólà tẹ́ ẹ lè yí tó máa tán an. Àbí gbogbo bẹ́líìtì ló ń sá tó bá ti dé ibì kan pàtó? A jẹ́ pé férémù, púlì tàbí rólà tó wà ní sàkáání ibẹ̀ ló léjọ́, pàápàá èyí tí bẹ́líìtì kọjá lórí ẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìbéèrè méjì yìí nìkan ti gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì rí.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára ògiri: apá ibi tí bẹ́líìtì bá ti kọ́kọ́ kan rólà ló máa ń sá sí. Tẹ́ ẹ bá ti apá òsì rólà síwájú, níbi tí bẹ́líìtì ń lọ, ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ kàn, ọ̀tún náà ló máa lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tì í o, rólà kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí bẹ́líìtì yí ká lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kan òmíràn, torí kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ò ní sùúrù á ti yí rólà mẹ́fà kó tó mọ̀ pé àkọ́kọ́ ti tó. Kó má sẹ́rù lórí ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, apá ìsàlẹ̀ tó ń padà bọ̀ ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ tọ́.

Kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun pàápàá, ẹ wo ara rólà àti púlì. Ní mììlì, nígbà òjò, eruku àgbàdo àti sóyà á gba omi, á di bí ẹ̀bà lára rólà, apá kan á wú ju apá kejì lọ, bẹ́líìtì á sì máa tẹ̀lé e. Wọ́n pè mí síbì kan báyìí, àwọn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti yí bóòtù ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Irin pẹlẹbẹ kan ni mo fi ha ohun tó lẹ̀ mọ́ púlì ẹ̀yìn kúrò lẹ́yìn tá a ti pa iná tá a sì tì í, a dá bóòtù padà sí bó ṣe wà, bẹ́líìtì padà sáàárín. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ò fẹ́ sanwó fún mi, ó ní mi ò ṣe nǹkan kan.

Fífún náà ńkọ́? Bẹ́líìtì tó ń yọ̀ lórí púlì iwájú, èyí tí mọ́tò ń yí, ẹ má wulẹ̀ máa fún un ṣáá. Bó bá ṣe le tó pé kò yọ̀ mọ́ tí ẹrù wà lórí ẹ̀, ó tán, kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tẹ́ ẹ bá fún lé e lórí, bíárìn ló máa san án, ojú ìsopọ̀ ló máa san án, ọ̀pá púlì náà á tẹ̀. Ẹ wò ó bóyá rọ́bà tí wọ́n fi bo púlì iwájú ti jẹ tán ni, tàbí omi ló wà níbẹ̀, tàbí rólà mẹ́rin ti dákú tí bẹ́líìtì kàn ń wọ́ lórí wọn. Mo ti rí ibi tí wọ́n da yanrìn sí púlì kó lè gbá a mú. Yanrìn! Nǹkan tí wọ́n fi ń ha irin. Ẹ tún má jẹ́ kó máa yọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ pé ẹ máa wò ó lọ́la, púlì tó ń yí nígbà tí bẹ́líìtì dúró á gbóná, rọ́bà á sì gbaná.

Rólà tó ti dúró, ẹ má fojú kéré ẹ̀ torí pé ogójì mìíràn ṣì ń yí. Bẹ́líìtì á máa ha ojú kan ṣoṣo lára ẹ̀ lójoojúmọ́ títí irin yẹn á fi fẹ́lẹ́, á là, etí ẹ̀ á wá mú bí ọ̀bẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ọjọ́ tó bá là ló máa rẹ́ bẹ́líìtì gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iye owó rólà kan pẹ̀lú ti odindi bẹ́líìtì, ẹ̀yin náà ẹ fi wéra. Àwọn kan á ní àwọn ń tọ́jú rólà, wọ́n á máa fún un ní gíríìsì ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ rólà ìsinsìnyí ni wọ́n ti dé pa láti ilé iṣẹ́, kò nílò gíríìsì yín, tẹ́ ẹ bá sì ki gíríìsì jù bọ èyí tó gbà á, síìlì á bẹ́, gíríìsì á tú jáde, eruku á rọ́ mọ́ ọn, á tún kán sórí bẹ́líìtì.

Epo àti rọ́bà lásán kì í ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo PKC (ìyókù ẹkùrọ́ tí wọ́n ti fún epo ẹ̀), ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìyókù ẹ̀pà àti sóyà tí wọ́n ti fún, epo ṣì kù nínú wọn o, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọnú rọ́bà, á wú, á rọ̀, etí ẹ̀ á ká sókè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé èyí tó ń kojú epo lẹ fẹ́.

Ohun kan wà tí gbogbo wa ń ṣe n'Íbàdàn yìí tó ń dùn mí: bẹ́líìtì tó ti gbó, wọ́n á gé e, wọ́n á fi ṣe rọ́bà ẹ̀gbẹ́ tó ń dá ẹrù dúró lórí bẹ́líìtì tuntun. Ó jọ ìṣọ́wóná, àmọ́ aṣọ wà nínú ẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì ti wọ ara ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, á máa ha tuntun yẹn bí sáńpépà tọ̀sán tòru. Rọ́bà lásán tí ò ní aṣọ nínú ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀, kó sì rọ̀ ju bẹ́líìtì lọ.

Ojú ìsopọ̀ wá kù. Ẹ má gbé e lọ bá fọgánáísà. Mi ò bú fọgánáísà o, iṣẹ́ wọn níyì, àmọ́ gọ́ọ̀mù tó ń lẹ túúbù kì í ṣe èyí tó máa gbé tọ́ọ̀nù òkúta. Irin pẹlẹbẹ méjì tẹ́ ẹ fi bóòtù dè pọ̀ náà kọ́, kò lè tẹ̀ yí púlì ká, á ya bẹ́líìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìpẹ́. Tó bá jẹ́ kílíìpù lẹ fẹ́ lò, kó bá ìnípọn bẹ́líìtì àti ìwọ̀n púlì yín mu, ẹ gé rọ́bà òkè díẹ̀ kó lè wọlé, kí sikirépà tó ń ha ìdọ̀tí kúrò lára bẹ́líìtì má máa gbá a, kẹ́ ẹ tún bóòtù ẹ̀ fún lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́.

Gígé ẹ̀ ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Ẹ má gbé síkúéà lé etí bẹ́líìtì tó ti jẹ, etí yẹn ò tọ́ mọ́. Ẹ wá àárín ẹ̀ ní ojú mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fa ìlà gba àárín, orí ìlà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé síkúéà lé. Tẹ́ ẹ bá ń lo gọ́ọ̀mù tútù, ẹ fi ẹ̀rọ ha ojú aṣọ láìjẹ́ kó jó, ẹ má fi bẹntiróòlù nù ún, torí epo inú ẹ̀ á kù sílẹ̀ níbẹ̀, iná sì lè tibẹ̀ ṣẹ́. Ẹ po oògùn tó ń mú gọ́ọ̀mù gan mọ́ ọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo, kì í ṣe bó ṣe rí lójú. Kí ìkùn àkọ́kọ́ gbẹ pátápátá, kí ìkejì ṣì máa lẹ̀ díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìka, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pa á pọ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti àárín síta kí atẹ́gùn lè jáde. Tí òjò bá ṣú, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ fi tapólì bo ibẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ dọ̀la. Mo mọ̀ pé ọ̀gá á máa dúró tì yín pé òun ní ẹrù láti kó. Ẹ jẹ́ kó dúró.

Àwọn kan gbà pé bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe dára tó, ni wọ́n á bá ra bẹ́líìtì aṣọ márùn-ún sórí púlì kékeré. Kò ní lè tẹ̀, á máa sán. Ẹ ka ohun tó wà lára ti tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá kọ EP 400/3, aṣọ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, E ni pólíẹ́sítà tó lọ gbọọrọ, P ni náílọ́ọ̀nù tó gba ìbú, 400 sì ni agbára tó máa já a, ní níútìn fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan ní ìbú. Agbára ìjá ni o, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí.

Tẹ́ ẹ bá wá rà á tán tí ẹ ò tíì fẹ́ lò ó, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ sẹ́yìn ilé nínú òòrùn àti òjò. Ẹ ki irin bọ àárín ẹ̀, ẹ gbé e kọ́ nínú ilé. Oníbàárà mi kan fi tuntun sílẹ̀ báyìí láti ìgbà ọyẹ́ di ìgbà òjò, ọjọ́ tá a tú u kalẹ̀, ojú rọ́bà ti sán wẹ́wẹ́, apá tó wà nílẹ̀ ti fà ju apá òkè lọ, gbogbo ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. A gbé e sórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ torí owó ti tán, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń yí rólà, kò rìn gúnrégé lọ́jọ́ kan.