Bí Mo Ṣe To Ìsọ̀ Àdìrẹ Wa ní Ìpàtẹ Ọjà Èkó

Àǹtí mi tí wọ́n ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ni wọ́n ní kí n bá àwọn bójú tó ìsọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà ní ìpàtẹ ọjà àgbáyé tó máa ń wáyé lóṣù kọkànlá ní Tafawa Balewa Square, l'Ékòó. Aṣọ di tiwọn, títo ìsọ̀ di tèmi.

Fọ́ọ̀mù wa wá pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ ìpàtẹ náà, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Mítà 3 sí mítà 3 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, èèyàn sì lè rò pé bákan náà ni wọ́n. Ìyàtọ̀ wà nínú iye ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà. Ìsọ̀ àárín ìlà ní ojú kan ṣoṣo. Aládùúgbò wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, ó wà lẹ́yìn. Ti orígun ní ojú méjì. Èyí tó wà ní ìparí ìlà méjì tó fẹ̀yìn kora ní mẹ́ta, èyí tó sì dá dúró ní gbangba ṣí sílẹ̀ yíká. Bí ojú bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ń gun òkè. Olójú mẹ́ta wu Àǹtí gan-an, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ògiri ni àdìrẹ ń fẹ́. Bí gbogbo ara ìsọ̀ bá di ẹnu ọ̀nà, ibo la fẹ́ fi aṣọ kọ́ sí? Orígun la gbà.

N kò mú èyí tó wà lẹ́nu géètì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òréré lojú rẹ̀ ń wò, kò tíì ṣe tán láti dúró. Ọ̀nà tó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ni mo fàmì sí, àmọ́ ó jìnnà díẹ̀ sí àwọn olóúnjẹ fúnra wọn, kí aṣọ má bàa máa rùn èéfín súyà. Mo tún béèrè ibi tí oòrùn ọ̀sán yóò gbà wọlé, nítorí oòrùn máa ń jẹ aró.

Kí a tó kó ẹrù, mo fi ẹfun fa ìlà mítà 3 sí 3 sílẹ̀ ní àgbàlá, mo gbé tábìlì síbẹ̀. Iwájú ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń gbé tábìlì sí, tí wọ́n á wá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí akọ̀wé báńkì. Oníbàárà á nawọ́ kan aṣọ, á fọwọ́ sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Àdìrẹ kò ṣeé tà báyẹn. Ẹni tó fẹ́ rà á fẹ́ tú u, á fẹ́ fi lé èjìká wò. Mo wá fi tábìlì ti ògiri ẹ̀gbẹ́. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, nítorí náà ó ku mítà méjì lé díẹ̀ tí èèyàn lè gbà wọlé, kí ó sì yí ara padà.

Àǹtí wo ilẹ̀ títí. "Ta ni yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà? O mọ Èkó."

"Èmi ni, mà."

Mo gbé àpótí gíga kan sí ibi tí ojú méjèèjì ti pàdé, kí ojú ẹni tó jókòó lè bá ti ẹni tó ń kọjá dọ́gba.

Ògiri ẹ̀yìn ni mo fún Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ (èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí wọ́n tó pa á láró) tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí. Aṣọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní yáàdì méjì ààbọ̀ ni wọ́n máa ń rán pọ̀. Bí a bá ká a, àwòrán rẹ̀ á sá sínú ìṣẹ́po, nítorí náà a tẹ́ ẹ gbalasa. Oníko, èyí tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó pa á láró, kò ní wàhálà yẹn. Róbótó funfun rẹ̀ ń yọjú bí a tilẹ̀ ká a, ó sì lọ sórí tábìlì. Pátákó ògiri kò gba ìṣó, ìkọ́ onírin la fi sórí rẹ̀. Àwọn kan fi sátíìnì aláràbarà bo pátákó tiwọn. Èmi fi tiwa sílẹ̀ ní funfun, kí aró lè yọ.

Ọ̀rọ̀ iná ló gba agbára mi jù. Gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n máa ń sọ aró di dúdú, oníbàárà á sì máa bi ọ́ pé àwọ̀ wo gan-an nìyí. Funfun ni mo lò, mo so ó mọ́ òpó iwájú, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Àtùpà tí a ń ṣáájì wà nítòsí fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná.

Díńgí àti ẹ̀rọ POS wà ní kọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ tábìlì, pẹ̀lú àga kan. Ẹni tó bá ti ṣe tráńsífà tó ń retí álẹ́ẹ̀tì á jókòó síbẹ̀, oníko á wà lẹ́bàá ọwọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, aṣọ kejì la sábà máa ń kì bọ inú àpò pẹ̀lú àkọ́kọ́.