Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn Àjò Route 66 fún Eré Ìtàn Orí Tábìlì

Nínú eré ìtàn orí tábìlì, olùdarí eré ni yóò ṣàpèjúwe ibi tí a wà àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Olúkúlùkù àwọn tó jókòó yí tábìlì ká yóò sì sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ fẹ́ ṣe, kí wọ́n tó ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó yọrí sí rere. Ìrìn àjò ọkọ̀ tó la orílẹ̀-èdè já bá irú eré yìí mu ju ọ̀pọ̀ ìtàn ogun àti ìtàn idán lọ, nítorí pé ó há ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ àyè tóóró kan níbi tí ẹni tó bá bínú kò ti ní ibi tí yóò lọ. Ọ̀nà tí mo máa ń dá lábàá ni Route 66 ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, tó gbéra láti Chicago, tó gba ìpínlẹ̀ 8 kọjá, tó sì parí sí Santa Monica ní etíkun California lẹ́yìn nǹkan bíi 2,450 máìlì. Àwọn tó ń ṣòwò lẹ́bàá ọ̀nà yìí ti dá oríṣiríṣi àrà kí arìnrìn-àjò lè dúró ná wọn lówó, àrà náà sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olùdarí eré kò fi nílò láti hùmọ̀ ohun àjèjì kankan. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kí ó wá ìpinnu tí ibi kọ̀ọ̀kan yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá ìtàn, nítorí ibi tí a kàn wò tí a sì kọjá kì í pẹ́ di ohun ìgbàgbé.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọdún tí ìtàn yóò wáyé, torí òun ni yóò sọ ohun tó wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá mú àwọn ọdún 1950, ọ̀nà náà kún fún èrò, ṣùgbọ́n ẹ̀dá ìtàn tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú kò lè sùn níbi tó wù ú. Àwọn ìlú kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìwé Green Book tí Victor Hugo Green, apínlẹ́tà tó ń gbé ní Harlem, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1936, ni yóò sì máa tọ́ ọ sí ibi tí wọn yóò ti gbà á. Ilé epo Threatt tó wà ní Luther, Oklahoma, jẹ́ ti ìdílé aláwọ̀ dúdú, mo sì rò pé ó yẹ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dúró níbẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ sọ ọ́ ṣáájú ìjókòó àkọ́kọ́ bóyá gbogbo yín fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sórí tábìlì, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ní òun kò fẹ́.

Ọdún tí èmi fẹ́ràn jù ni 1984, nígbà ooru. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni òpópónà márosẹ̀ tuntun yà kúrò ní Williams, Arizona, ìlú tó kẹ́yìn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lójú Route 66, nígbà tó sì di 1985 wọ́n yọ ọ̀nà náà kúrò nínú àwọn òpópónà orílẹ̀-èdè. Àwọn àrà náà ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà, oníbàárà ni kò sí mọ́, fóònù alágbèéká kò sì tíì wọ́pọ̀ débi tí ènìyàn yóò fi pe ìrànlọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún wọn ní ẹrù kan tí kò ṣeé fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé. Àpẹẹrẹ kan nìyí: odídẹrẹ́ kan tí olóògbé kan kọ́ ní nọ́ńbà àpótí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ àfi bí ọkọ̀ bá ń rìn. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́fà tí ẹyẹ náà yóò sọ sílẹ̀, kí méjì nínú wọn jẹ́ àṣírí ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní àléébù tirẹ̀ lórí ìwé, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn ọ̀tún tí kì í ṣí láti inú, tàbí jíà tí kì í gba rìfáàsì. Nígbà tí wọ́n bá dé Oatman, Arizona, tí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ṣẹ̀ wá láti ara ti àwọn awakùsà dí ojú títì, àìsí rìfáàsì yóò di ọ̀ràn tí gbogbo wọn ní láti bójú tó.

Ìjókòó mẹ́fà tó fún gbogbo ọ̀nà náà: Chicago sí St. Louis, St. Louis sí Tulsa, Tulsa sí Amarillo, Amarillo sí Albuquerque, Albuquerque sí Flagstaff, àti Flagstaff sí òkun. Ẹ má ṣe kó ju ibi méjì lọ sínú ìjókòó kan. Kansas kò gbà ju bíi máìlì 13 nínú ọ̀nà náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun níbẹ̀ kí wọ́n sì kọjá.

Ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ ni Cadillac Ranch nítòsí Amarillo, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ant Farm ti ri mọ́tò Cadillac 10 mọ́lẹ̀ ní 1974, imú wọn nínú ilẹ̀, ìdí wọn lókè. Àwọn àlejò a máa kọ nǹkan sí wọn lára, ẹlòmíràn a sì kun ọ̀dà lé e. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣáájú àwọn ẹ̀dá ìtàn kọ ìròyìn sílẹ̀ fún wọn lára ọkọ̀ keje, kí wọ́n sì débẹ̀ bá ọmọkùnrin kan tó mú agolo ọ̀dà búlúù dání, tó ti kun ìdajì rẹ̀ pa torí pé ó fẹ́ kọ orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá wọn, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́. Ṣé wọn yóò bẹ̀ ẹ́ ni, tàbí wọn yóò fún un lówó epo, àbí wọn yóò fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà tútù náà kúrò, kí àwọn lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ? Ẹ fún wọn ní ìdajì ìròyìn náà lórí ìwé, kí wọ́n dì í mú lọ́wọ́.

Ní Catoosa, Oklahoma, Hugh Davis kọ́ ère àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù sínú adágún omi fún ìyàwó rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń wẹ̀ níbẹ̀ ní 1984. Ìbéèrè tó bá ibẹ̀ mu ni ti ìsinmi: wákàtí kan nínú omi yóò mú àárẹ̀ kúrò lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti odídẹrẹ́? Wigwam Motel, ilé ìtura tí yàrá rẹ̀ jẹ́ àgọ́ ní Holbrook, Arizona, ní tirẹ̀ ti tì láti 1974, kò sì tíì ṣí padà ní 1984, nítorí náà sísùn nínú àgọ́ kọnkéré rẹ̀ jẹ́ fífọ́lé. (Irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé Navajo tàbí Hopi, àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí ilẹ̀ wọn wà nítòsí; àwọn ẹ̀yà pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ni í, ó sì yẹ kí ará ibẹ̀ kan sọ bẹ́ẹ̀.)

Ẹ má gbàgbé aago. Ó ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ààlà Texas àti New Mexico, ó sì tún ń padà ní ààlà Arizona nígbà ooru, torí Arizona kì í sún aago síwájú bí àwọn yòókù. Ẹni tó bá rántí yí aago rẹ̀ padà ti jèrè wákàtí méjì lórí ọjọ́ tí wọ́n dá.

Láàárín ibi kan sí èkejì, ẹ gbé dáìsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí awakọ̀ bi ẹni tó jókòó tì í ní ìbéèrè kan tí kò gbọdọ̀ kọ̀ láti dáhùn, kí ẹni náà sì gba ọkọ̀ wà lẹ́yìn náà. Ibí yìí ni ọ̀rẹ́ ti ń di ọ̀rẹ́, tí odídẹrẹ́ sì ti ń tú àṣírí.

Ẹ fi ìdajì ìjókòó ìkẹyìn sílẹ̀ fún Santa Monica. Fífa ẹyẹ lé ẹni tó ni í lọ́wọ́ kò ní í pẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí gbogbo wọn jọ tún ṣe láti Chicago? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn jiyàn rẹ̀ títí wọn yóò fi rí i yanjú.