Bí A Ṣe Ń Dá Ọkọ̀ Onígbòkun Àtijọ́ Padà Sómi ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ará wa láti Kàbà, Ìsánlú, Ìyàrà àti gbogbo ilẹ̀ Okun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba, ẹ ó rí ìkéde níbi ọjà àlòkù: ọkọ̀ onígbòkun, ọ̀fẹ́, ẹ ṣáà wá gbé e. Kì í ṣe gbájúẹ̀. Owó ilẹ̀ ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí ló ti ń wọ ẹni tó ni ín lọ́rùn, ọjọ́ tí ẹ bá sì gbà á, ó di tiyín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ yàádì gbèsè tó wà nílẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà lóṣù, àti owó kéréènì. Kí ẹ sì gba ìwé ìtajà tó ní orúkọ ẹ̀yin méjèèjì àti nọ́ńbà ọkọ̀.

Ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ibùdókọ̀ kì í sábà gba ọkọ̀ tí kò ní ìbánigbófò, ilé ìbánigbófò kì í sì í fẹ́ gba ọkọ̀ àtijọ́ tí surveyor (ògbóǹtarìgì tó ń yẹ ọkọ̀ wò) kò tíì yẹ̀ wò. Surveyor gbọ́dọ̀ rí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítorí náà orí ilẹ̀ ni kó ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì tún ohun tó bá kọ sílẹ̀ ṣe kí omi tó kàn án.

Ìsàlẹ̀ yìí ni kí ẹ náwó sí. Fáàfù tó gba ara ọkọ̀ kọjá sínú omi ló léwu jù. Bí ó bá jẹ́ bráàsì lásán, omi iyọ̀ á jẹ síńkì inú rẹ̀ tán, yóò ku kọ́pà tó pọ́n, tó rún bí ẹ bá fi òòlù kàn án díẹ̀. Bróńsì tàbí DZR (bráàsì tí omi iyọ̀ kì í jẹ síńkì rẹ̀) ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀. Kílíìpù méjì lórí họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì so igi tí ẹ lè fi dí ihò mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan. Bí ìpẹtà bá ń ṣàn níbi tí irin wúwo ìsàlẹ̀ ti pàdé ara ọkọ̀, bóòtù tó dì í mú lẹ máa fura sí. Ti ìléròrò kéékèèké lára ọkọ̀ fáíbà, wọ́n ti sọ ọ́ di ńlá jù. Kì í yára mú ọkọ̀ rì.

Ọ̀dà tó ń lé èèhọ̀ àti ìṣáwùrú: májèlé ni. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ họ ọ́. Ẹ rẹ ẹ́ lómi, ẹ tẹ́ táàpólì sílẹ̀, ẹ bo imú. Ìpele àtijọ́ lè ní TBT, májèlé líle tí wọ́n fòfin dè fún ọkọ̀ kéékèèké ní 1987. Ẹ kun ọ̀dà tuntun lẹ́ẹ̀mejì, kó di ẹ̀ẹ̀mẹta níbi ojú omi. Ẹ má kun síńkì tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀, torí kó lè jẹ dípò irin yòókù ló ṣe wà níbẹ̀.

Ìgbòkun: ẹ fi èékánná fa òwú rírán rẹ̀. Bí ó bá já, oòrùn ti pa á, kódà bí aṣọ ṣì le. Wáyà òpó tó bá ti ní okùn kan ṣoṣo tó já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ róbà impeller tó ń fa omi. Bí ewé rẹ̀ kan bá sọnù, ẹ wá a rí, torí á lọ dí ojú ọ̀nà omi níwájú. Ẹ fa omi ìsàlẹ̀ táńkì dísù jáde. Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ dúdú ń hù, ìgbì àkọ́kọ́ á sì rú u lọ sínú fílítà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí kéréènì má tíì tú bẹ́líìtì. Ẹ ṣí fáàfù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ kàn án yí ká. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Bí omi kò bá jáde níbi èéfín láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ pa á. Ọkọ̀ onípákó á jò, bí odó tó pẹ́ lóòrùn ṣe ń sán, títí igi á fi mumi yó. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú bẹ́líìtì kéréènì mọ́jú bí yàádì bá gbà, kí ẹ̀rọ afami sì wà nítòsí.

Ẹni tó tilẹ̀ mọ Odò Ọya dáadáa ní Ọ̀wọ̀rọ̀ kò tíì mọ òtútù omi ibí. Ó ń gba èémí lójijì ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà. Channel 16 lórí rédíò ọkọ̀ tàbí 999 lórí fóònù lẹ ó fi pe Coastguard, àwọn agbẹ̀mílà etíkun. Ìwé àṣẹ rédíò ọkọ̀ láti Ofcom, àjọ tó ń bójú tó rédíò, ọ̀fẹ́ ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.

Ní etíkun, ìjọba kì í béèrè ìwé àṣẹ awakọ̀ fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ tara ẹni, ìforúkọsílẹ̀ kì í sì í ṣe dandan. Lórí omi Canal & River Trust (àjọ tó ń bójú tó ipa omi àtọwọ́dá àti odò láàárín ìlú), ó yàtọ̀: ìwé àṣẹ, ìbánigbófò ẹni kẹta tí kò dín ní mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn, àti Boat Safety Certificate tí à ń ṣe lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin. Gáàsì, iná àti epo ni wọ́n ń wò jù.

Bí Faransé bá wù yín, ẹ fi ọkọ̀ tí kò tó mítà 24 sórí Small Ships Register, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ kéékèèké ti Ìlú Ọba. Ẹni tó ń gbé níbí fún ọjọ́ 185 lọ́dún ni wọ́n ń gbà. Físà Ìlú Ọba kò ṣílẹ̀kùn Faransé fún ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ ó gba ti Schengen. Ẹ ó sì ròyìn ìrìn náà fún Border Force, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè, kí ó tó ku wákàtí méjì tí ẹ ó ṣí, àmọ́ kì í ṣe ṣáájú wákàtí 24.