Inú tó ń dààmú yín: bẹ́ ẹ ṣe lè lo fáíbà àti probiotic fún IBS

Ẹ̀yin tí inú yín kì í sinmi, tó jẹ́ pé lónìí inú rírun, lọ́la ìgbẹ́ gbuuru, tó bá di ọ̀tunla ìgbẹ́ ò ní jáde rárá, ikùn á wá le bí ìlù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní IBS (irritable bowel syndrome, ìfun tí kì í ṣiṣẹ́ geere), ó dá mi lójú pé wọ́n ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ máa jẹ fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ ewéko tí inú wa kì í lè dà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tó, torí fáíbà tí kò bá yín lára mu, tàbí èyí tẹ́ ẹ kó jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, òun gan-an lè máa da inú yín rú.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò o. Tẹ́ ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tẹ́ ẹ̀ ń rù láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ rù, tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára yín, tí ìgbẹ́ gbuuru ń jí yín lóru, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ti lé ní 50 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi oúnjẹ tọ́jú ìyẹn rárá, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Fáíbà pín sí méjì. Ọ̀kan wà tó máa ń yòrò nínú omi, tí á ki tí á sì máa yọ̀, irú èyí tó wà nínú oats, kárọ́ọ̀tì, ọsàn àti psyllium (èèpo irúgbìn kan tí wọ́n máa ń lọ̀). Ó máa ń di omi mú, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ kí ìgbẹ́ tó le rọ̀, tó sì tún ń jẹ́ kí èyí tó ṣàn jù ki díẹ̀. Ìkejì kì í yòrò, bí èèpo wíìtì tí wọ́n ń pè ní bran, ó sì máa ń dá kún inú rírun àti gáàsì fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní IBS. Lọ́dún 2021, American College of Gastroenterology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà inú ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ kedere pé èyí tó ń yòrò ni kí àwọn tó ní IBS lò. Nínú gbogbo wọn, psyllium lèmi máa mú.

Ààbọ̀ síbí tíì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ dà á sínú kọ́ọ̀bù omi tó kún, bíi 250 ml, ẹ rò ó, kẹ́ ẹ sì mu ún lójú ẹsẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ láti lọ gbé fóònù, kẹ́ ẹ tó padà dé ó ti ki, ó ti ń fà, kò ní wu yín mu mọ́. Ẹ tún fi omi mìíràn lé e. Ẹ má dà á sẹ́nu ní gbígbẹ láéláé, ó lè wú sọ́nà ọ̀fun, ẹni tí oúnjẹ kì í sì í lọ geere lọ́fun ẹ̀ tàbí tí ìfun ẹ̀ ti dí rí, kó má fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn, ẹ fi wákàtí méjì sáàárín wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tí inú bá rọlẹ̀, ẹ sún un sí síbí tíì kan, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé: àwọn oúnjẹ tí wọ́n kọ "high fibre" gàdàgbà sára páálí ẹ̀. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ ka àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí inulin (irú fáíbà kan) tàbí chicory root (gbòǹgbò tí wọ́n ti ń yọ ọ́), ẹ ṣọ́ra, torí bó tiẹ̀ ń yòrò, àwọn bakitéríà inú ìfun máa ń tètè jẹ ẹ́, gáàsì ló sì máa ń dà, inú á wá wú. Ó wà lára àwọn nǹkan tí oúnjẹ low FODMAP (ìlànà oúnjẹ tó ń dín àwọn nǹkan tó ń dá gáàsì sínú ìfun kù), tí àwọn Monash University ní Ọsirélíà gbé jáde, ní ká dín kù. Wọ́n tún máa ń fi inulin yìí sínú yógọ́ọ̀tì probiotic (èyí tó ní bakitéríà tó lè ṣe inú láǹfààní), ẹni tó bá mu ún tí inú ẹ̀ wú á rò pé probiotic ni kò bá òun mu.

Lórí probiotic, ẹnu àwọn dókítà ò kò. Lọ́dún 2021 yẹn kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà ní àwọn ò fọwọ́ sí i fún IBS, British Society of Gastroenterology ní èèyàn lè gbìyànjú ẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ 12, kó fi sílẹ̀ tí kò bá rí ìyàtọ̀. Lójú tèmi, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn bọ́gbọ́n mu. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ má máa pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ yógọ́ọ̀tì, kó jẹ́ èyí tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n kọ "live cultures" sí, torí èyí tí wọ́n bá tún gbé kaná lẹ́yìn tó ti kan, àwọn bakitéríà ẹ̀ ti kú. Tí mílíìkì bá ń da inú yín rú, ẹ lo èyí tí kò ní lactose. Ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara ẹ̀ ti lọọlẹ̀, kó bi dókítà kó tó mu èyíkéyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, ẹ ò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́ tàbí èwo ló da nǹkan rú. Fáíbà ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ jẹ sílẹ̀, bí inú ṣe run tó láti 0 dé 10, àti bí ìgbẹ́ ṣe rí lórí àtẹ Bristol, tó pín ìrísí ìgbẹ́ sí 1 dé 7: 1 àti 2 le jù, 3 àti 4 lẹ̀ ń wá, 6 àti 7 ti ṣàn. Lọ́jọ́ tí inú bá dédé wú lẹ́yìn tẹ́ ẹ sún fáíbà sókè, ẹ má jù ú nù, ẹ padà sí ìwọ̀n tó bá yín mu tẹ́lẹ̀, ẹ wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó tún sún un.