Kí ẹ tó tún Hilux àtijọ́ kùn

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ tún Hilux tó ti gbó kùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí péńtà kánjú. Ẹ ní kó ha ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi mọ́. Tó bá kàn fi fílà (filler, ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó jin lára ọkọ̀) bò ó, á tún wú jáde ni. Tí práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, bá gbẹ, kó fín ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kó wá fi sáńpépà oní nọ́ńbà 600, èyí tó kúnná, àti omi rọra fá a. Ibi tí dúdú bá ṣẹ́kù sí, ó ṣì jin síbẹ̀. Mo ti rò pé ilẹ̀kùn tèmi tẹ́jú, àfi bí dúdú ṣe ya ìlà gbọọrọ sábẹ́ ibi tí a ń dì mú! Lásìkò ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kó tó fín ọ̀dà gan-an, nítorí eruku.