Bí Mo Ṣe Kọ Orúkọ Ẹyẹ Àdúgbò Wa Sílẹ̀ Nígbà Òjò

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ àwa tá à ń wo ẹyẹ n'Ìbàdàn máa ń fẹ́ jáde. Ilẹ̀ gbẹ, ewé ti wọ́ dànù lórí igi, ojú sì ń ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project tí mo dara pọ̀ mọ́ kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò. Láti ọdún 2015 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá ni ẹyẹ tó wà níbì kọ̀ọ̀kan nígbàkígbà tó wù kó jẹ́ láàárín ọdún. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pentad, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9, gígùn rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Wákàtí 2 ó kéré tán lèèyàn gbọ́dọ̀ fi wo ẹyẹ nínú rẹ̀ kí àkọsílẹ̀ tó pé, ó sì lè pín in sí ọjọ́ 5 bó bá fẹ́. Mo ní pentad tí ilé wa wà, níhà Ẹlẹ́yẹlé, ni màá ṣe, àárín òjò gan-an ni màá sì ṣe é.

Ẹrù mi ò pọ̀. Báínókúlà, àkísà òwú tó ti gbó tí mo fi ń nu ojú rẹ̀, kóòtù òjò, ìwé pélébé kan àti pẹ́ńsù. N kò mú báírò, torí báírò kì í kọ ìwé tó bá ti rin. BirdLasser ni áàpù tí a fi ń fi orúkọ ẹyẹ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kán sójú fóònù, òun fúnra rẹ̀ á máa tẹ ohun tó bá wù ú. Inú ìwé ni mo kọ́kọ́ ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe ń yọjú tàbí tí wọ́n ń dún tẹ̀ léra, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn Bird Atlas ṣe fẹ́ ẹ. Agboòrùn, mo fi í sílé. Ariwo òjò lórí rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ẹyẹ, etí sì ni nǹkan tí mo fi mọ ìdajì nínú àwọn tí mo kọ.

Nígbà tí òjò bá ń dà wìì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Páànù ilé á máa pariwo, ẹyẹ náà á ti wọ abẹ́ ewé lọ. Ìgbà tó bá ti ku winniwinni ni kí ẹ jáde. Ebi ti ń pa wọ́n, gbogbo wọn ló máa ya síta lẹ́ẹ̀kan náà.

Elúlùú ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìwé mi, ohùn rẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ gbọ́: hú-hú-hú-hú, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gòkè díẹ̀ níparí, bí omi tó ń dà jáde lẹ́nu kèǹgbè. Ìyá onílé wa ti yọjú lójú fèrèsé.

“Kí lò ń wò látàárọ̀? Ṣé kò sí nǹkan?”

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹyẹ ni mò ń wò.”

“Ṣé èyí tó ń ké yìí? Jẹ́ kó máa pè é. Òjò tí elúlùú bá pè, orí ara rẹ̀ ló máa rọ̀ lé.”

Òótọ́ ni màmá sọ. Nígbà tí oòrùn ràn díẹ̀, mo rí elúlùú náà lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó rin gbingbin. Orí rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àyà rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ gùn. Ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ó na apá méjèèjì sílẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí, kò bìkítà fún mi. Ìyẹ́ rẹ̀ kì í lé omi dànù dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yáàrùn lẹ́yìn òjò. Bí ẹ bá fẹ́ rí elúlùú tó dúró sójú kan, àkókò yẹn ni kí ẹ wá a.

Àwọn ẹ̀gà ni mo pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù. Igi àgbọn kan wà lẹ́bàá kànga wa, wọ́n ti já ewé rẹ̀ tán débi pé ọ̀pá àárín nìkan ló kù lórí àwọn imọ̀ òkè. Ìgbà òjò ni wọ́n fi ń pa ọmọ. Mo gbé báínókúlà lé akọ kan tó ń kọ́lé. Ó bu ewé jẹ létí, ó di ibẹ̀ mú, ó sì fò. Bó ṣe ń fò lọ ni ewé ń ya tẹ̀ lé e, ó di okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi ẹnu sọ ọ́ mọ́ ẹ̀ka, ó fà á yọ, ó tún un kì bọ̀. Nígbà tí ilé náà parí, ó rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sorí kodò, ó ń gbọn apá, ó ń pariwo kí obìnrin lè wá wò ó. Èyí tó jẹ́ abo, tí àwọ̀ rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ tó ti akọ, wọlé, ó yẹ inú wò, ó sì fò lọ. Ilé tí kò sí obìnrin tó gbà á, tí ewé rẹ̀ sì ti gbẹ, ọwọ́ ara rẹ̀ ni baálé fi ń tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo káàánú rẹ̀ o.

Ẹ dúró wo ibi tí ẹ̀gà ń kọ́lé sí dáadáa, ẹ máa rí ẹyẹ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ewé tútù, àyà rẹ̀ funfun. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Diederik cuckoo. Òjò ló ń gbé e wá. Inú ilé ẹ̀gà ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí, ẹ̀gà á sì bá a tọ́ ọmọ. Àwọn ẹ̀gà mọ̀ ọ́n lọ́tá, lílé ni wọ́n ń lé e kiri.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èsúnsún jáde, ìwé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kannakánná wá, ológoṣẹ́ wá, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń já wọn gbà lófuurufú, ẹ̀gà tó jẹ́ pé hóró ló ń jẹ náà ò gbẹ́yìn. Àwọn ọmọ ilé ti gbé ọpọ́n omi sábẹ́ gílóòbù, àwọn náà ń retí tiwọn.

Kì í ṣe àyíká ilé nìkan ni àwọn Bird Atlas fẹ́, torí náà mo lọ sí odò Ẹlẹ́yẹlé, èyí tí wọ́n ti sé láti ọdún 1942. Ẹyẹ tí òyìnbó ń pè ní jacana ń rìn lórí ewé ojú omi pẹ̀lú ọmọ ìka gbọọrọ, akọ rẹ̀ ló ń sàba lé ẹyin. N kò sún mọ́ etí omi jù. Ẹni tó bá rántí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, tó gbé afárá Àpẹtẹ̀ lọ, kò ní dúró síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú.

Ẹyẹ tí n kò rí náà ní ìtumọ̀. Àwòdì ò sí lójú ọ̀run, ó ti gba òkè Ọya lọ, òun ni ara fi tu àwọn tó ń sin adìyẹ nígbà òjò. Lékèélékèé náà ti lọ pa ọmọ lọ́hùn-ún. Ọmọ tó ń wá èékánná funfun, kó ní sùúrù dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti igún kọ́ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí òjò ti ń pa igún, òjò kọ́ ló sì lé e kúrò nígboro. Májèlé àti àwọn tó ń mú un tà ni, débi pé láti ọdún 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àtiparun jù lágbàáyé.

Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù lórí tábìlì, pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ, mo sì fi ránṣẹ́. Pentad tó wà lápá Ìdó ló kàn, mo sì fẹ́ ṣe é kí òjò oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tó wá sópin. Ẹni tó bá ń gbé níhà ibẹ̀, tó sì ní bàtà rọ́bà, lè bá mi jáde.